Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Eré Orí Ìtàgé ní Yunifásítì Lásìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Nínú ìwé ìròyìn wa tó jáde kẹ́yìn, mo kọ ọ̀rọ̀ ṣókí kan pé ẹgbẹ́ òṣèré tó wà lábẹ́ yunifásítì lè ṣeré níwájú òǹwòran nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá ń jà, bí ó bá ti múra sílẹ̀ kí àrùn náà tó dé. Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju èyí tí ojú ewé yìí lè gbà lọ. Mo mú márùn-ún nínú wọn, nítorí pé wọ́n kan ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun èmi alára, ẹni tó ṣe alábòójútó ìtàgé fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2020 àti 2021.

*Olóòtú ọ̀wọ́n, mo jẹ́ olùdarí eré nínú ẹgbẹ́ òṣèré kan tó wà lábẹ́ yunifásítì. Àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ wa ní kí a kọ ìlànà kan kalẹ̀ báyìí tí ara tu gbogbo ayé, èyí tí a ó máa tẹ̀ lé bí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá dé. Nígbà COVID-19, ohun tí a ṣe kò ju pé a ń fi oògùn apakòkòrò nu àga, a sì ń wọn ìgbóná ara àwọn òǹwòran lẹ́nu ọ̀nà. Ǹjẹ́ ìyẹn tó? Níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?*

Ẹ ṣeun, olùdarí wa. Ẹ jẹ́ kí a gbé oògùn apakòkòrò tì sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, kí a wo afẹ́fẹ́ inú gbọ̀ngàn yín. Èémí ni ọ̀nà pàtàkì tí COVID-19 ń gbà ràn. Bí ẹni tó ní àrùn náà bá ń mí, tó ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ń kọrin, àwọn ẹ̀kán itọ́ tó kéré débi pé ojú kò lè rí wọn ń jáde lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì lè máa rá bàbà nínú yàrá fún ìgbà pípẹ́ bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò bá rí ọ̀nà jáde. Àga tí a nù mọ́ tónítóní kò dí ọ̀nà yìí. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná ara náà kò sì lè dá ẹni tó ti kó àrùn mọ̀ bí ara rẹ̀ kò bá tíì gbóná, bẹ́ẹ̀ ẹni náà lè ti máa kó o ran ẹlòmíràn ní nǹkan bí ọjọ́ méjì kí àmì kankan tó hàn lára rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, ìtàn ẹgbẹ́ akọrin kan ní agbègbè Skagit, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ni mo máa ń sọ fún un. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2020, èèyàn 61 nínú ẹgbẹ́ náà pé jọ láti fi nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ dánra wò. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá pẹ̀lú àmì àìsàn tó dà bí ọ̀fìnkìn. Kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, èèyàn 53 nínú wọn ti ṣàìsàn, méjì sì kú. Ẹ kíyè sí i pé ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe, kò sí òǹwòran kankan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlànà tí mo ti kà ló jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òǹwòran ni wọ́n ń sọ láti òkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ wákàtí méjì péré ni òǹwòran máa ń lò nínú gbọ̀ngàn kó tó máa lọ sílé rẹ̀. Òṣèré ní tirẹ̀ ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje wà nínú yàrá ìdánrawò tí kò ní fèrèsé, ó ń pariwo, ó ń sunkún, ó ń dì mọ́ ẹnì kejì rẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a tún jọ kó ara wọn sínú yàrá ìmúra tí ẹni mẹ́wàá ti ń wá dígí kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni kí ìlànà yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe níbẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ilé náà, kí wọ́n sọ fún yín iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ tuntun ń rọ́pò ti àtijọ́ nínú yàrá kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí kan. Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, sọ ní ọdún 2023 pé kí ó tó ìgbà márùn-ún, ó kéré tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka iye gáàsì carbon dioxide, ìyẹn gáàsì tí gbogbo wa ń mí síta. Ní ìta gbangba, iye tí ẹ̀rọ náà yóò kà kò ní jìnnà sí 420 ppm, ìyẹn ìdá 420 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Bí ó bá ti ń kọjá 800 nínú yàrá ìdánrawò yín, èémí ara yín ni ẹ ti ń mí padà, ó sì ti tó àkókò láti ṣí ilẹ̀kùn tàbí kí gbogbo yín jáde sinmi. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí gan-an nítorí pé ó ń fòpin sí àríyànjiyàn: kò sí ẹni tó lè bá nọ́ńbà jà.

Níbi tí fèrèsé kò bá sí, ẹ̀rọ asẹ́ afẹ́fẹ́ tó ní asẹ́ HEPA dára púpọ̀, nítorí ó ń mú 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èérún tó kéré tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Ìṣòro rẹ̀ nínú tíátà ni ariwo. Tiwa máa ń hó débi pé ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kì í dé ìlà kẹrin. Ọgbọ́n tí a wá dá sí i ni pé a gbé àwọn ẹ̀rọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé lẹ́yìn aṣọ, a ń dín agbára wọn kù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ, a sì ń jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára wọn nígbà ìsinmi àti nígbà tí orin bá wà.

Ohùn náà ṣe pàtàkì. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí lára àwọn akọrin, wọ́n sì rí i pé orin àti ọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra bí ohùn bá dọ́gba, ṣùgbọ́n bí ohùn bá gòkè láti orí èyí tó rọlẹ̀ jù dé orí èyí tó le jù, ohun tó ń jáde lẹ́nu lè pọ̀ sí i ní ìlọ́po 20 sí 30. Ẹ̀yin olùdarí lẹ ń pinnu ẹni tí yóò pariwo, ibi tí yóò kọjú sí, àti bí yóò ṣe jìnnà sí ìlà àkọ́kọ́ tó. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré tí òṣèré fi há aṣọ lè dín igbe kù láì ba eré jẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé inú yunifásítì lẹ wà. Ẹgbẹ́ òṣèré tó dá dúró gbọ́dọ̀ sanwó kó tó rí onímọ̀ nípa àrùn tàbí ẹnjiníà bá sọ̀rọ̀, nígbà tí tiyín wà ní ilé kejì. Ní ọdún 2020, American Repertory Theater, tó wà ní Yunifásítì Harvard, bá àwọn onímọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìlera gbogbo ènìyàn ti yunifásítì náà jókòó, wọ́n sì jọ kọ ìwé ìtọ́sọ́nà kan lórí bí tíátà ṣe lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò yín.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí ní ẹ̀ka tíátà, mo sì ní ikọ́ fée. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín ni pé bí àjàkálẹ̀ àrùn bá tún dé, wọn yóò sọ fún wa pé kò pọn dandan, ẹni tó bá wù ni kó kópa. Ṣùgbọ́n eré yẹn ni wọ́n fi ń fún wa ní máàkì, olùdarí eré náà ni yóò sì kọ ìwé ìjẹ́rìí fún wa nígbà tí a bá ń wá iṣẹ́. Ǹjẹ́ ẹni tó wà nípò mi lè sọ pé òun kò ṣe?*

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Lójú tèmi, ìbéèrè rẹ ni ó yẹ kí ó ṣíwájú gbogbo ìlànà, kódà kí ó ṣíwájú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí mo fi gbogbo ẹnu sọ lókè yìí. Òṣèré tó ń fi eré jẹun ní ìwé àdéhùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn wọn. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ Actors' Equity Association kò gbà kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú eré kankan àfi bí ó bá ti yẹ ètò ààbò ibẹ̀ wò, tó sì fọwọ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń darí rẹ̀ lórí ìtàgé ni olùkọ́ rẹ̀, òun náà ni yóò fún un ní máàkì, òun náà ni yóò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wí pé kò pọn dandan, kí ló kù fún ọmọ láti sọ?

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ọdún 2021, nínú eré kan tí mo bójú tó, ọmọkùnrin kan wà tí ipa rẹ̀ kò ju ìran mẹ́ta lọ. Ọ̀fun ti ń dùn ún fún ọjọ́ méjì kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣe ló ń lo oògùn kí ara rẹ̀ má baà gbóná nígbà tí mo bá gbé ẹ̀rọ sí iwájú orí rẹ̀. Àwa méje ló kó àrùn náà nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, olùkọ́ àgbà kan nínú wa sì pẹ́ kó tó gbádùn. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó dá mi lóhùn pé kò sí ẹni tó mọ ipa òun, àti pé bí òun kò bá ṣeré náà, òun yóò tún ọdún kan kà. Mo bínú sí i fún ọjọ́ kan gbáko. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti ìwé ètò tí èmi fúnra mi kọ, mo sì rí i pé kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí ọmọ náà ti lè sọ òtítọ́ láì pàdánù. Àwa la kọ́ ọ ní irọ́ tó pa fún wa.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé o lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, ilé ẹ̀kọ́ ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀tọ́ náà ní ìtumọ̀. Kí máàkì wà fún iṣẹ́ mìíràn tó wúwo tó eré ṣíṣe: ètò ìmọ́lẹ̀, ètò ohùn, àtúpalẹ̀ ìwé eré, tàbí ìwé àkọsílẹ̀ ìdánrawò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè yan èyí láì ṣàlàyé àìsàn ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí yóò gba ìwé ìyọkúrò náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ olùdarí eré, kí ó jẹ́ ẹlòmíràn nínú ẹ̀ka tàbí ní ilé ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ sì ni kí gbogbo ipa, títí kan èyí tó kéré jù lọ, ti ní arọ́pò tó ń kọ́ ọ sórí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé eré kò lè ṣeé ṣe láìsí òun. Ètò yìí ń náni ní àkókò, mo mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí àrùn gbà lọ́wọ́ wa lọ́dún náà pọ̀ ju àkókò yẹn lọ.

Ní tìrẹ, bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka yín nísinsìnyí tí ìlànà kò tíì jáde. Lẹ́tà tí ogún èèyàn fọwọ́ sí kò ní fi ikọ́ fée ẹnì kan hàn.

*Olóòtú, ẹ̀yin èwe ìwòyí ń wá ọ̀nà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ewu. Èmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn ará àtijọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: bí àrùn bá dé, wọn a ti tíátà pa. Kí ló dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀?*

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ wo Lọ́ńdọ̀nù: nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn jà níbẹ̀ láti ọdún 1592 títí di ọdún 1594, títì ni àwọn ilé eré wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà. Ṣùgbọ́n àwọn òṣèré kò jókòó sílé: ọ̀pọ̀ nínú wọn kó ẹrù wọn, wọ́n ń ṣeré kiri láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí àrùn flu ńlá jà ní ọdún 1918, ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà ti tíátà rẹ̀ pa ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. New York kò ṣe bẹ́ẹ̀. Royal Copeland, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìlera níbẹ̀, fi wọ́n sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó sì ní kí wọ́n má ṣe máa bẹ̀rẹ̀ eré ní wákàtí kan náà kí èrò má baà kún inú ọkọ̀, kí wọ́n sì máa mú ẹni tó bá ń wúkọ́ jáde. Àríyànjiyàn tí àwa ń ṣe lónìí ti pẹ́.

Ní ti COVID-19, Àjọ Ìlera Àgbáyé pè é ní àjàkálẹ̀ àrùn káríayé ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn tíátà Broadway, ìyẹn àwọn tíátà ńláńlá ní New York, sì tì ní ọjọ́ kejì. Mo gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ bí àrùn náà ṣe ń rìn, àyẹ̀wò kò tó, àjẹsára kò sì sí. Bí ilé ìwòsàn bá kún, kí a ti ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, àlàfo ńlá wà láàárín ṣíṣí àti títì. Ní Berlin, tíátà Berliner Ensemble tú àga rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, 700 di nǹkan bíi 200, wọ́n sì fi èyí tó kù sílẹ̀ ní méjì-méjì àti ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní Seoul, eré olórin ńlá kan dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí òṣèré kó àrùn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbomú, ìwé ìbéèrè àti ìwọ̀n ìgbóná ara. Ní ìlú Pittsfield ní Massachusetts, ẹgbẹ́ òṣèré kan ṣeré lábẹ́ àgọ́ ní ìta gbangba ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, àwọn òṣèré jìnnà síra wọn, wọ́n sì ń ṣe àyẹ̀wò déédéé. Ìta gbangba ni mo fi ń ṣáájú nínú gbogbo èyí. Bí òjò kò bá rọ̀ tí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ sì gba ìtàgé, afẹ́fẹ́ ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́.

Bàbá, ìdí tí n kò fi fẹ́ títì ọlọ́dún gbọọrọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tíátà ń lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré. Bí a bá gba méjì lọ́wọ́ rẹ̀, yóò jáde láì tíì gbọ́ bí gbọ̀ngàn ṣe ń dákẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ òǹwòran lára, n kò sì mọ yàrá ìkàwé tí a ti lè fi ìyẹn kọ́ni.

*Èmi ni mo ń rán aṣọ eré fún ẹgbẹ́ wa. Ṣé ìbojú oníke tó mọ́ gaara, tó ń jẹ́ kí ojú òṣèré hàn, tó láti dáàbò bo èèyàn?*

Rárá. Ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni èémí ń gbà jáde. Ó lè dá itọ́ tó bá fò dúró, kò lè dá ohun tó ń rá bàbà dúró. Ìbomú N95, tó ń sẹ́ ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ni kí wọ́n lò nígbà gbogbo ìdánrawò, kí wọ́n má sì bọ́ ọ àfi nígbà tí eré bá kù díẹ̀ tí àyẹ̀wò sì ti wáyé. Bí olùdarí bá gbà kí ìbomú wà lórí ìtàgé, iṣẹ́ yín ti dé nìyẹn: ẹ rán aṣọ ẹlẹ́wà bo orí rẹ̀ láì gún asẹ́ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ rárá. Àwọn òṣèré Gíríìkì ìgbàanì bo ojú wọn pátápátá, ara àti ohùn wọn sì ṣe iṣẹ́ tó kù.

*Èmi ni mo ń bójú tó títa tíkẹ́ẹ̀tì àti gbígba òǹwòran wọlé. Bí àyẹ̀wò àárọ̀ ọjọ́ eré bá fi hàn pé òṣèré kan ti kó àrùn, kí ni kí n sọ fún àwọn tó ti sanwó?*

Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn, láì dárúkọ ẹni náà. Bí arọ́pò bá wà, ẹ sọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé òun ni yóò ṣe é, kódà bí ó bá máa di ìwé mọ́wọ́. Òǹwòran tó mọ ohun tó ń wò máa ń fara mọ́ ọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, nígbà tí ẹ̀yà COVID-19 tí wọ́n ń pè ní Omicron gba ìgboro, ọ̀pọ̀ eré ni Broadway fagi lé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò sì dúró, àwọn arọ́pò ló gbé wọn ró. Bí eré kò bá lè wáyé, ẹ dá owó padà tàbí kí ẹ fún wọn ní ọjọ́ mìíràn, èyí tó bá wù wọ́n nínú méjèèjì.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè. Ẹ fún òǹwòran tí ara rẹ̀ kò dá ní ẹ̀tọ́ kan náà, láì béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ rẹ̀, títí di wákàtí tí eré yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ yóò bá gbé yóò wúkọ́ wọ gbọ̀ngàn yín, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí máàkì rẹ̀ yóò bá gbé ṣe wúkọ́ wọ yàrá ìdánrawò wa. Ẹ kọ ìkéde méjèèjì sílẹ̀ lónìí, èyí tó wà fún arọ́pò àti èyí tó wà fún ìfagilé, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún déètì nìkan, nítorí pé ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, fóònù kò ní jẹ́ kí ẹ ráyè kọ gbólóhùn kan tó já gaara.